Ìbéèrè Àwẹ̀ró àti Òkè Ìdákẹ́rọ́rọ́

Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tí ebi ń pa lọ jẹun ná, kí ẹni tí oorun ń kùn bọ́jú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ní ààbọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì rẹ̀ á ní Olódùmarè ò sí; ẹni tó bá gbọ́ ìdajì kejì á fẹ́ fi kùmọ̀ lu ẹni àkọ́kọ́. Mo ti gbó sẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ, mo ti pa ẹfọ̀n tó ti ní ọmọ-ọmọ, mo sì ti bá iwin jẹun nínú àwo kan náà, ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọkùnrin tí ẹkùn máa ń rí lókèèrè tí yóò rántí pé òun fi nǹkan sílẹ̀ nílé.

Agbédé ni ìlú rẹ̀. Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, obìnrin, Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ọkọ Àwẹ̀ró ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un, Ìbídùn, ọmọ kékeré tó fẹ́ràn láti máa gbé igbá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sódò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ejò bu ọmọ yìí jẹ lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ gbé e sáyà, ó ń sáré, ó ń ké pe Olódùmarè ní gbogbo orúkọ tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré. Kí ó tó délé, ọmọ ti dákẹ́.

Àwẹ̀ró ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọjọ́ ọpẹ́ ọdún wá pé, tí gbogbo Agbédé jókòó síwájú ààfin, tí ọba sì ní kí wọ́n jùmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè fún òjò àti irè oko, ni obìnrin yìí bá dìde láàárín èrò. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ta ni ẹ ń kí? Mo pè é láti odò dé ilé, n kò gbọ́ ìró ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀."

Àwọn ìyá fọwọ́ di ọmọ wọn létí. Olóyè Ajíbówú, tó dàgbà jù nínú àwọn ìjòyè, ní bí ilẹ̀ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí tí wọn ò sì lé ẹni tó sọ ọ́, òjò ò tún ní í rọ̀ ní Agbédé mọ́. Ọba wọn, ẹni pẹ̀lẹ́ ni, kò fẹ́ kí á lé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó wá ọ̀nà sí i. Ó ní àwọn baba ńlá wọn sọ pé lẹ́yìn Igbó Ìbéèrè, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè Ìdákẹ́rọ́rọ́, níbi tí ayé ti ń fi orí kan ọ̀run. Kí ẹnì kan lọ wádìí níbẹ̀. Bí ó bá ní Olódùmarè wà, Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlú, á kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bí ó bá ní kò sí, kí gbogbo ìlú wá ibi tí wọn yóò fojú sí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó padà wá kí iṣu tuntun tó jáde, wọn ó sin obìnrin náà dé ààlà.

Ọdẹ́rìndé dìde, ó gbọn ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ yẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ni òun ó lọ; bí Olódùmarè bá wà, kò sí igbó tó dá tí ẹsẹ̀ òun ò lè tẹ̀; bí kò bá sì sí, a jẹ́ pé igbó náà ò ní olúwa, òun ó kúkú gbà á. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín. Ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ẹ̀yìn odi, ó sì sọ fún un pé bí ó bá bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ó má bẹ̀bẹ̀ nítorí òun. Kí ó ṣáà bi í léèrè ohun tí ọmọ òun ṣe.

N kò ní fi ìrìn lásán dá yín lágara. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí odò ọ̀nà náà ti jìn tó, kó lọ wọ̀ ọ́ wò. Igbó Ìbéèrè kì í ṣe irú igbó tí ẹ̀yin mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ẹ̀yìnkùlé ní igbó. Bí ènìyàn bá wúkọ́ níbẹ̀, àwọn igi á máa bi ara wọn léèrè ìdí tó fi wúkọ́. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé ti bá àwọn Afàmọ́ra pàdé. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga bí ọ̀pẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fọwọ́ di ìbàdí ẹni iwájú rẹ̀ mú ṣinṣin, wọ́n sì ń lọ láìdúró, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti jẹ dé kókósẹ̀. Ọdẹ́rìndé bi ọ̀kan nínú wọn níbi tí wọ́n ń lọ. Ìyẹn ní òun ò mọ̀, ẹni iwájú òun ló ń fa òun. Ó sáré bá ẹni iwájú, èsì kan náà ni. Ó sáré títí èémí fẹ́ tán nínú rẹ̀, kò rí orí ìlà náà. Inú ìkùukùu ló wọ̀ lọ.

Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti yí ọrùn ká bí aṣọ òtútù. Ó rí i pé ọdẹ náà ti rẹ̀, ó ṣàánú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, bí o bá rí ọkọ́ tó ń wú ilẹ̀, o mọ̀ pé ọwọ́ ló dì í mú. Ọwọ́ náà, apá ló gbé e. Apá, ara ló gbé e. Bí gbogbo wa ṣe ń lọ yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níwájú tí ẹnikẹ́ni kò fà, tí òun sì ń fa gbogbo wa. Bí kò bá sí i, à bá ti dúró."

Ọ̀dọ́kùnrin tó di ìbàdí bàbá náà mú láti ẹ̀yìn yọ ṣùtì. Ó ní kí ọdẹ má gbọ́ ti bàbá. Bí ẹnì kan bá lè máa rìn láìjẹ́ pé wọ́n fà á, kí ló dé tí ìlà náà fúnra rẹ̀ ò fi lè máa rìn bẹ́ẹ̀? Ta ló sọ pé gbogbo ìlà ló ní orí? Bàbá fi gìgísẹ̀ ta á nípàá, òun náà fi orí kan bàbá lẹ́yìn, ìjà sì bẹ̀rẹ̀, ìjà tó jọ pé ó ti wà kí òkè tó wà. Síbẹ̀ ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn ò kúrò ní ìbàdí ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kó bá a. Ọwọ́ kan tó le bí gbòǹgbò di ọ̀já ìbàdí rẹ̀ mú, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ òun ń lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé ó dùn mọ́ ọn. Kò sí pé à ń ronú ọ̀nà tí à ń gbà. Fífà ni wọ́n ń fani. Orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ lórí ahọ́n rẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ọ̀já ara rẹ̀, ó ṣubú sínú ewé gbígbẹ. Níbi tó wà nílẹ̀, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àìníye, láti ibi tí etí lè gbọ́ dé ibi tí etí ò lè gbọ́ mọ́, gbogbo wọn ń tẹ ilẹ̀ pọ̀ bí ọkàn kan ṣoṣo tó ń lù. Ohun yòówù kó máa fa èyí, ó ní, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ẹ̀rín.

Lẹ́yìn ìkùukùu náà, ó bọ́ sí ìlú kan tí wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí pé, "Ta ló ṣe é?" Ẹni tí wọ́n kí á dáhùn pé, "Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe." Gbogbo ará ìlú náà ló lajú kalẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláràbarà gba ọdẹ sílé, ó sì ń fi nǹkan hàn án. Ó na ìyẹ́ labalábá sí oòrùn, ó fi bí wọ́n ti to eruku àwọ̀ sí i hàn án, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ó mú hóró ìrókò kan, ó gbé e sí i létí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú hóró tó kéré ju èékánná lọ yẹn, Ọdẹ́rìndé gbọ́ igi ńlá tó ń ké nínú ìjì. Ó gbọ́ àwọn ẹyẹ tí a ò tíì bí tí wọ́n ń pè é ní ilé. Kò mọ ìgbà tí òun kúnlẹ̀. Ìyá Aláràbarà ní bí ó bá rí ìkòkò lójú ọ̀nà, ṣé yóò tún máa bi òun bóyá amọ̀kòkò wà?

Ọdẹ́rìndé ní ó tán. Ó ti ń di àpò rẹ̀ láti padà sí Agbédé nígbà tí ó gbọ́ ìkérora lẹ́yìn ilé. Ìyá Aláràbarà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, atẹ́gùn ni. Ta ni yóò sọ irú ìyẹn fún ọdẹ? Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí. Àwọn tí wọ́n bí sínú ìrora ló wà níbẹ̀: ọmọ ọwọ́ tí èémí rẹ̀ ń lọ tí ń bọ̀ bí ẹni ń fa okùn nínú ẹ̀gún, ìgalà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sẹ́yìn. Ní àárín wọn, ejò kan ká jọ. Ejò náà la ẹnu, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Wọn kì í fi mí hàn àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe tó mi ní ìlú yìí. Wo eyín mi."

Ọdẹ́rìndé wò ó. Eyín náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ, ihò wà nínú rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu bí abẹ́rẹ́, ó sì dán ju ìyẹ́ labalábá lọ. Òun ni iṣẹ́ tó mọ́ jù tó rí láti ìgbà tó ti wọ ìlú náà. Ó yíjú sí Ìyá Aláràbarà, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn níbẹ̀, "Ta ló ṣe é?" Ìyá náà nawọ́ láti pa ilẹ̀kùn náà dé. Ọdẹ́rìndé gba ẹ̀yìn ilé jáde lọ, igi ìrókò ń ké ní etí rẹ̀ kan, ọmọ ọwọ́ ń kérora ní èkejì.

Ìlú Ẹlẹ́jọ́ ló kàn. Gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ní ayé tí kò gba ìpẹ̀ ló kóra jọ síbẹ̀. Àga òkúta kan wà láàárín wọn tó ṣófo, eruku ti bò ó, nítorí Olódùmarè ni wọ́n pè lẹ́jọ́, kò sì tíì wá. Agbẹjọ́rò wọn ni ọkùnrin gíga kan tí ń jẹ́ Kòlèríbẹ́ẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ètè rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni ọdẹ ń lọ, wọ́n ní ọdẹ ni yóò gbẹnu sọ fún Olódùmarè. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga náà, wọ́n ní kí ó sọ ọ̀fọ̀ tirẹ̀. Ó sọ ti Ìbídùn.

Kòlèríbẹ́ẹ̀ dúró síwájú rẹ̀. Ó ní, "Bí ó bá rí ejò náà tí kò lè dá a dúró, agbára rẹ̀ ò ká a. Bí ó bá lè dá a dúró tí kò sì fẹ́, àánú ò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá lè ṣe é, tí ó sì fẹ́ ṣe é, ta ló wá pa ọmọ náà? Dáhùn, ìwọ tó o jókòó sórí àga rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí ó ti sọ ọ́ tán, òkúta àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, ó tutù bí omi ìsàlẹ̀ kànga, ibi tó bá sì ti dé á di òkúta pẹ̀lú. Ó ní ohun gbogbo tí Olódùmarè bá ṣe, dáadáa ni. Òkúta dé ìbàdí. Ó ní bóyá ọmọ náà ì bá dàgbà di ènìyàn burúkú. Òkúta fò dé àyà, àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́kún bí ẹni pé wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òkú ọmọ wọn. Ọdẹ́rìndé wá rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ, òun ti sọ ọ́ fún Àwẹ̀ró rí, òun fúnra òun ò sì gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní, "N kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kì bá tí jẹ́ kí ejò náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Òkúta náà já bọ́ lára rẹ̀ bí èèpo.

Obìnrin kan dìde láàárín wọn, ẹni tó ti sin gbogbo ọmọ tó bí. Ó ní òun ni òun kọ́kọ́ pe ẹjọ́ náà, òun ò sì tíì fà á padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun nínú. Ó ní, "Òkúta kì í bínú nígbà tí ọmọ bá kú. Odò kì í bínú. Àwa là ń bínú, tí à ń sọ pé kò tọ́. Òṣùwọ̀n tí a fi mọ̀ pé kò tọ́ yìí, ta ló fi lé wa lọ́wọ́?" Kòlèríbẹ́ẹ̀ ní àwọn ìyá wa ni. Obìnrin náà bi í pé ta ló fi lé àwọn ìyá wa lọ́wọ́. Agbẹjọ́rò fọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀. Ó ní èyí ò dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí òun ó fi dìde ńlẹ̀. Ó ní òun ó bá ọdẹ lọ, òun ó fi ẹnu ara òun pe ẹni náà jáde.

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe dojú kọ Òkè Ìdákẹ́rọ́rọ́. Òkè náà máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Bí wọ́n ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń já bọ́ lẹ́nu wọn. Ìfọ́nnu Ọdẹ́rìndé ló kọ́kọ́ lọ: kò rántí ẹkùn, kò rántí ẹfọ̀n. Òwe tẹ̀lé e. Àròyé Kòlèríbẹ́ẹ̀ ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀ sì ń gbẹ. Nígbà tí wọ́n fi dé góńgó, gbólóhùn kan péré ló kù lẹ́nu oníkálukú wọn.

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ wà lójú ọ̀run, wọ́n sún mọ́ ilẹ̀ bí èso tó ti pọ́n. Nísàlẹ̀, gbogbo igbó ayé kéré bí èéhù ara òkúta. Wọ́n rí ìlà àwọn Afàmọ́ra tó yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ojú ò fi lè tọ̀ ọ́ mọ́. Láti orí òkè yẹn pàápàá, wọn ò rí orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọdẹ rí ni yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kí ojú ọdẹ tó rí ẹran ńlá, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á ti mọ̀ pé ẹran náà ti rí òun. Irun á dìde, ewé kan ò sì mì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe Ọdẹ́rìndé. Nǹkan kan ń wò ó. Kì í ṣe láti iwájú, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Ó ń wò ó láti inú òkúta, láti inú èémí òun fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ti ń wò ó kí wọ́n tó bí i. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ẹran láti ẹ̀yìn ewé wá di ẹni tí à ń wò. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ gbólóhùn kan tó kù lẹ́nu rẹ̀, "Kí ni Ìbídùn ṣe?"

Ohùn kankan ò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ náà túbọ̀ jìn sí i ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń wò ó ò gbé ojú kúrò. Ọdẹ́rìndé sunkún dé ibi tí ẹkún ń pin sí. Nígbà tí ó gbé orí sókè, oòrùn ti rẹlẹ̀, òkè náà ti dá ọ̀rọ̀ padà sí wọn lẹ́nu, ó sì rí Kòlèríbẹ́ẹ̀ tó dúró sí ibi tó wà láti ìgbà náà, omijé ń ṣàn lójú òun náà. Ó béèrè ohun tí ọdẹ rí. Ọdẹ́rìndé ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹnì kan ń wo òun ni.

Kòlèríbẹ́ẹ̀ ní, "Atẹ́gùn ni èmi gbọ́, ọdẹ. Mo pè é, atẹ́gùn lásán ni mo gbọ́. Ọlọ́jọ́ òní mọ̀ pé mo fẹ́ kí ó wá."

Ọdẹ́rìndé wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò purọ́, kò sì rí ọ̀rọ̀ ìbáwí kankan bá a sọ. Ó pín oúnjẹ inú àpò rẹ̀ sí méjì, ó fún un ní ìdajì. Agbẹjọ́rò jókòó sórí òkúta. Ó ní òun ò padà mọ́. Bí ẹni náà bá wà, kó wá bá òun níbẹ̀. Bí kò bá sì sí, ó kéré tán, ẹnì kan á ti dúró dè é.

Ọjọ́ tí Ọdẹ́rìndé wọ Agbédé, àwọn àgbẹ̀ ti ń fọwọ́ kan ebè iṣu wò, Olóyè Ajíbówú sì ti ní kí wọ́n di ẹrù Àwẹ̀ró síwájú ààfin. Gbogbo ìlú péjọ. Ọdẹ́rìndé ròyìn ohun gbogbo bí mo ti ròyìn rẹ̀ fún yín yìí, kò fi ejò ẹ̀yìnkùlé pa mọ́, kò fi atẹ́gùn Kòlèríbẹ́ẹ̀ pa mọ́. Ajíbówú ní ìtàn dára, ṣùgbọ́n ṣé Olódùmarè wà ni tàbí kò sí?

Ọdẹ́rìndé ní, "Olóyè, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí ẹ bá ní kí n fi hàn yín, n kò ní ohun tí n ó fi hàn."

Ajíbówú ní ó wà nìyẹn. Kí obìnrin náà kúnlẹ̀, tàbí kí ó gbé ẹrù rẹ̀. Ọdẹ́rìndé bọ́ sáàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Mo gbé ìbéèrè àbúrò mi dé orí òkè rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, kò lé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé ìsàlẹ̀ òkè náà, orí kí ni ẹ dúró lé tí ẹ ó fi lé e?"

Ọba dìde lórí ìtẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí níwájú ìlú, ó rìn lọ síbi ẹrù náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn rẹ̀.

Àwẹ̀ró ò wo ẹrù náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀?"

"Mo dárúkọ rẹ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan."

Obìnrin náà di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ó wá ní, "Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Wọ́n lọ. Gbogbo ohun tí Ọdẹ́rìndé fara dà ní ìrìn àkọ́kọ́ ni obìnrin yìí fara dà, ọ̀pọ̀ ni kò sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá òun fara dà. Wọ́n jẹ iṣu tuntun tán ní Agbédé, wọ́n tún ti kọ ebè mìíràn, kí àwọn ọmọdé tó sáré wọ̀lú wá pé Àwẹ̀ró ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Obìnrin náà ti rù, irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Olóyè Ajíbówú ló dúró síwájú jù, òun ló sì béèrè ohun tó bá níbẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Mo ti bi í."

Ajíbówú fẹ́ bi í léèrè bóyá ó dáhùn. Ó gbójú sókè, ó wo ojú obìnrin náà. Ó rí i pé obìnrin náà ti dé ibi tí òun ò tíì dé. Àgbà ìjòyè náà ṣí fìlà lórí, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún un kí ó kọjá.

Ibi tí wọ́n bá mi sọ ọ́ dé nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò sì jẹ́ fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Kí oníkálukú dìde jẹ́jẹ́, kó máa lọ sílé.